Asẹ́ omi onífàdákà tí mo rà ní Ouando: oṣù mẹ́rin rèé, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí lórí WhatsApp pé asẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó dáa, ṣé ká ra tiwa. Aṣọ ọdún ló kún ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mi ò ráyè máa dá yín lóhùn níkọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ n kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbí. Ẹni tó bá ń kánjú: ìkòkò inú ẹ̀ dáa, rọ̀bìnẹ́ ẹ̀ ò dáa, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọkùnrin tó tà á fún mi ló wá burú jù. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹni tí ò bá kánjú, kó fa àga, torí ìkòkò yìí gbé mi débi tí mi ò rò, ó gbé mi dé abẹ́ ilẹ̀.

Oṣù kejì ni mo rà á, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an, omi kànga wa ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Bùtíkì kan tí kò jìnnà sí ọjà Ouando ni, mi ò ní dárúkọ wọn, 22.000 sẹ́fà ni wọ́n pè é, mo ná an títí ó fi dé 19.500, mo gbé e sórí itan lẹ́yìn sẹ́mì, ọ̀kadà akérò wa, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Lára páálí ẹ̀ wọ́n kọ «NANO ARGENT» gàdàgbà-gadagba pẹ̀lú àwọ̀ búlúù. Èmi ò mọ nánò nígbà yẹn, argent nìkan ni mo mọ̀, ó lè jẹ́ fàdákà, ó lè jẹ́ owó, mo sì ti san owó tèmi.

Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ni nánò. Ó ní «Màámá, fàdákà tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Ó kéré débi pé kò sí ohun tó lè dá a dúró. Kòkòrò ò lè sá fún un, fírúùsì ò lè kọjá, iyọ̀ inú omi yín pàápàá, ó máa mú un kúrò. Kò sì lè jáde nínú ìkòkò láéláé, ẹ fọkàn balẹ̀.» Mo ní ọmọ mi, tí kò bá sí ohun tó lè dá a dúró, kí ló wá dá a dúró sínú ìkòkò? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màámá ẹ̀ ń ṣàwàdà. Mi ò ṣàwàdà o, mo ń béèrè ni, àmọ́ oòrùn ti ń pa mí, mo sanwó, mo lọ.

Ẹni tí ò rí i rí, bó ṣe rí nìyí. Ìkòkò amọ̀ ni, ó dà bí èyí tí wọ́n ń gbin òdòdó sí àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò lu, wọ́n gbé e kọ́ ẹnu bókẹ́ẹ̀tì oníke tó ní rọ̀bìnẹ́ nísàlẹ̀. Omi tẹ́ ẹ bá dà sínú ìkòkò á máa là á kọjá díẹ̀díẹ̀, á máa kán sínú ike, tó, tó, tó, lóru tí ilé bá dákẹ́ ẹ ó máa gbọ́ ọ. Ọgbọ́n inú ẹ̀ ni pé wọ́n po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun igi tó ń jábọ́ lábẹ́ ayùn kí wọ́n tó mọ ọ́n, tí wọ́n bá wá sun ún, igi yẹn á jóná tán, ààyè tó fi sílẹ̀ á di ihò tíntìntín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi fàdákà kùn ún tinú-tòde, kí kòkòrò má baà rí ibẹ̀ fi ṣe ilé. Ọkùnrin ará Guatemala kan, Fernando Mazariegos, ló gbé irú ẹ̀ jáde ní 1981, ó fẹ́ kí àwọn amọ̀kòkò ìlú kọ̀ọ̀kan lè máa fi amọ̀ tiwọn mọ ọ́n. Èyí dùn mọ́ mi nínú, torí ìyá tó bí ìyá mi, amọ̀kòkò ni.

Iṣẹ́ tó ń ṣe? Ó ń ṣiṣẹ́. Lítà méjì ní wákàtí kan ló ń fún wa nígbà tó ṣì tuntun, tí mo bá kún un lálẹ́, omi tí ilé máa mu láàárọ̀ ti wà nílẹ̀. Omi kànga tó pọ́n bí omi ẹ̀lùbọ́, ó jáde mọ́ lóló. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí, ọmọ mi kékeré ní òun ò mu omi amọ̀, nígbà tó yá ó ń mu ún láìsọ nǹkan. Inú ọmọ náà tó máa ń rú lóṣooṣù, mi ò gbọ́ ọ láti ìgbà yẹn, àmọ́ mi ò ní fi búra pé ìkòkò ni, ó lè jẹ́ pé ó ti ń fọ ọwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà rèé. Nínú páálí, ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ lédè Faransé, ó ní kí n da omi ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ nù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo dà á sí, bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu kànga, níbi tí mo ti máa ń da omi àwo nù. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin ti bá mi. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọmọ yẹn kọ́ ní Abomey-Calavi, àwọn tó ń gbẹ́ fóràjì, kànga ẹ̀rọ, ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, gbogbo ìgbà ni ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n.

«Àǹtí, kí lẹ̀ ń dà síbẹ̀ yẹn?»

«Omi àkọ́fọ̀ ìkòkò tuntun ni.»

«Ìkòkò onífàdákà? Ẹnu kànga lẹ wá dà á sí?»

Mo ní ẹni tó tà á ní fàdákà ẹ̀ ò lè jáde. Ó ní tí kò bá lè jáde, kí ló dé tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ da omi àkọ́kọ́ nù? Ẹ wò mí bí mo ṣe dákẹ́.

Ó tètè fi mí lọ́kàn balẹ̀ ṣá. Ó ní fàdákà tó wà lára ìkòkò kan ò pọ̀, kò tó gírámù kan pàápàá, ìgbà tó bá ṣì tuntun ló máa ń jáde jù, lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń dín kù, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 0,1 mílígírámù nínú lítà omi kan ò ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Kò ní sọ wá di òkú. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ fún oníbàárà ibi tó yẹ kó da omi yẹn sí, wọ́n á kàn ní «ẹ dà á nù», bí ẹni pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Nù. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Èmi wá bi í pé ṣé ó ti wọnú kànga nìyẹn, torí lójú tèmi, ohun tó bá kéré, kíá ló máa ń kọjá, bí ìyẹ̀fun ṣe ń gba ojú ajọ̀ bọ́ sílẹ̀ tí èérí á dúró sókè. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í. Irun orí kan, ìbú ẹ̀ tó nǹkan bí 80.000 nánómẹ́tà, ohun tí wọ́n ń pè ní nánò ò ju 100 lọ, tẹ́ ẹ bá gé mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni nánómẹ́tà. Àlàfo tó wà láàárín hóró iyanrìn méjì tóbi jù ú lọ fíìfíì, bí ojú ọ̀nà márosẹ̀ sí èèrà ni, fífún ojú ọ̀nà kọ́ ló máa dá a dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni pé ó ń kan ara iyanrìn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ sì wá gbọ́ eléyìí, torí òun ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ ti rí eruku tó ń jó nínú ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, àbí? Ohun tó kéré tó nánò kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú omi, omi fúnra ẹ̀ ló ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí náà ó máa ń fara kan hóró iyanrìn léraléra bó ṣe ń lọ. Èyí tó tóbi, ìwúwo ẹ̀ ló ń rì í sórí iyanrìn. Èyí tó wà láàárín, bí 1.000 nánómẹ́tà, kò jó, kò rì, òun ló máa ń yọ́ kọjá jù. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Yao àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe ìṣirò ẹ̀ láti 1971, orí asẹ́ oníyanrìn tí wọ́n fi ń tún omi ìlú ṣe ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àfi kí n rántí ọmọ bùtíkì yẹn, «ó kéré débi pé kò sí ohun tó lè dá a dúró». Irọ́! Kíkéré ẹ̀ ló jẹ́ kí ilẹ̀ rí i mú.

Àmọ́ kíkàn nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀. Iyanrìn funfun ní iná mànàmáná lára, nẹ́gátífù ni, ẹ̀rún fàdákà náà sábà máa ń jẹ́ nẹ́gátífù, wọ́n á máa ti ara wọn bí òòfà méjì tẹ́ ẹ kọjú kan náà síra wọn, yóò kàn án, yóò tún fò kúrò. Tí iyọ̀ bá wà nínú omi, agbára tí wọ́n fi ń ti ara wọn yẹn á rẹlẹ̀, wọ́n á wá máa lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á sì máa lẹ̀ mọ́ iyanrìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá ọ̀sà, tí iyọ̀ ń wọ omi yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí kàn yín, iyọ̀ tẹ́ ẹ ń bú yẹn, ó níṣẹ́ kan tó ń bá yín ṣe. Erùpẹ̀ pupa wa ńkọ́, èyí tó bo gbogbo òkè Àjàṣẹ́ yìí? Ìpẹtà irin ló pọ́n ọn, irin yẹn sì jẹ́ pósítífù, òdìkejì nẹ́gátífù, nínú omi tó bá kan díẹ̀, ohun nẹ́gátífù tó bá ń kọjá, ó máa gbá a mú ni.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló wá yé mi jù, iṣẹ́ mi ni. Ó ní ẹ̀rún fàdákà kì í rìn níhòòhò. Àwọn tó ń ṣe é máa ń wọ aṣọ fún un kó má baà ṣù pọ̀ nínú ìgò, aṣọ yẹn kan náà ló máa jẹ́ kó rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Kódà tí kò bá wọ aṣọ wá láti ilé, omi dúdú abẹ́ ewé jíjẹrà á dá ẹ̀wù fún un, ẹ̀rún tó bá ti wọ irú ẹ̀wù yẹn á máa yọ̀ lára iyanrìn bí ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí irà àti abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi yàtọ̀ sí àárín àgbàlá.

Mo ní kó fi hàn mí, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó. Ó gé ìdí ike omi méjì, ó fi àkísà mi di ẹnu wọn, ó da orí wọn kodò. Ọ̀kan ó fi iyanrìn funfun sí i, èkejì erùpẹ̀ pupa tó bu ní ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ fóràjì. Ó po síbí wàrà agolo kan mọ́ lítà omi kan. Ó ní ẹ̀rún inú wàrà náà kéré gan-an, bí 100 sí 200 nánómẹ́tà ni púpọ̀ nínú wọn, díẹ̀ ló fi ju nánò lọ, nẹ́gátífù sì ni wọ́n. Ó dà á sí méjèèjì. Ti iyanrìn, kí n tó yíjú padà ó ti ń ṣàn jáde, funfun báláú bó ṣe wọlé. Ti erùpẹ̀ pupa, ó dúró. Ó dúró, ó dúró, mo lọ rán apá bùbá méjì mo padà wá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán ni. Àkọ́kán ẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó mọ́, mo gbé e sójú oòrùn, wàrà ò sí níbẹ̀. Èmi ò gbà, mo ní bóyá ó ti dà á nù nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, erùpẹ̀ yẹn ń rùn bí wàrà kíkan. Ibẹ̀ ni mo gbà.

Ó ní kí n má yọ̀ jù o. Ara erùpẹ̀ náà ń kún, bí àga níbi ìnáwó ni, tí àga bá tán, àlejò tó bá kù á kọjá lọ. Ihò kòkòrò àti ipa gbòǹgbò wà nínú ilẹ̀ tí omi lè gbà sáré kọjá láìkan erùpẹ̀ kankan. Òjò àkọ́rọ̀ náà ńkọ́? Omi òjò ò níyọ̀ nínú, tó bá ti wọlé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè tú, kí wọ́n tún máa bá ìrìn lọ. Mo rántí bí omi kànga wa ṣe máa ń rú lọ́dọọdún tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a máa ń ní ilẹ̀ ló ń fọnmú.

Ó sọ ìtàn méjì fún mi tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tì ẹ̀rún irin nánò wọ abẹ́ ilẹ̀ kó lọ pa májèlé tí ilé iṣẹ́ dà sínú omi, wọ́n fẹ́ kó rìn jìnnà, irin ní òun ò lọ, àwọn ẹ̀rún ń fa ara wọn bí òòfà, wọ́n ṣù pọ̀, mítà mélòó kan ni wọ́n ń rìn kí wọ́n tó jókòó, ìgbà tí wọ́n fi nǹkan tí wọ́n yọ lára ewéko wọ̀ wọ́n láṣọ ni wọ́n tó rìn díẹ̀ sí i. Ìkejì, ní Nevada níbẹ̀ náà, wọ́n dán bọ́ǹbù kan wò lábẹ́ ilẹ̀ ní 1968, Benham ni wọ́n pè é. Plutonium, èròjà olóró inú ẹ̀, gbogbo ayé gbà pé kò lè kúrò lójú kan, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Ní 1999 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí i nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ní kìlómítà 1,3 síbẹ̀. Báwo ló ṣe débẹ̀? Ó lẹ̀ mọ́ òkúta lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rún òkúta tíntìntín tó ń lọ pẹ̀lú omi ló lẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ní ó gun sẹ́mì ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ronú kan ìyá mi ní Ṣábẹ, torí èmi ti ń múra láti ra ọ̀kan fún un. Àjàṣẹ́ níbí, erùpẹ̀ pupa àti iyanrìn jìn lábẹ́ wa. Kétu, ẹ mọ̀ bí omi ṣe jìn tó níbẹ̀, okùn korobá nìkan ti tó ẹrù. Ṣábẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwọn òkè ńlá yẹn mọ̀ pé òkúta ló ni ìlú náà, lókè àti nísàlẹ̀, inú ojú òkúta tó sán ni omi ń gbà rìn. Omi tó bá ti bọ́ sínú ojú sísán, bí ẹni wọ páìpù ni, erùpẹ̀ tó máa kàn ò pọ̀ mọ́. Níbẹ̀, àbúrò mi ní fàdákà kọ́ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù o, ṣálángá ni. Fírúùsì inú ìgbẹ́ náà, ìwọ̀n nánò ni púpọ̀ nínú wọn, ogún, ọgbọ̀n, ọgọ́rin nánómẹ́tà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa: ihò inú ìkòkò yìí tóbi ju fírúùsì lọ púpọ̀. Bakitéríà tó tó 1.000 sí 2.000 nánómẹ́tà, ó ń há mọ́ ọn, fàdákà á sì parí iṣẹ́, fírúùsì púpọ̀ máa kọjá. Iyọ̀ máa kọjá, kò sí àní-àní, mo tọ́ ọ wò. Tí kànga yín bá sún mọ́ ṣálángá, ẹ ṣì máa se omi yẹn tàbí kẹ́ ẹ kán omi apakòkòrò Javel sí i. Ọmọ bùtíkì yẹn ò yẹ kó máa sọ ohun tó ń sọ fáwọn abiyamọ.

Rọ̀bìnẹ́ ńkọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo jí láàárọ̀ mo bá aṣọ oníbàárà nínú omi, léèsì funfun! Wọ́n ní gàràǹtí oṣù mẹ́ta. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, mo fi ohùn ránṣẹ́, àmì búlúù méjì fi hàn pé wọ́n rí i, kò séyìí tó fèsì. Mo pe onípáìpù àdúgbò, 1.500 sẹ́fà, ó fi èyí tó nírin sí i, kò jò mọ́ títí dòní. Ìtọ́jú ẹ̀ ò le: tí omi bá ti ń kán lọ́ra, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ha inú ẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ, ẹ má sì gbá a mọ́lẹ̀, tó bá sán, ó ti parí.

Omi tẹ́ ẹ bá fi fọ̀ ọ́, ẹ gbé e jìnnà sí kànga. Èmi ń dà á sínú kòtò omi ìdọ̀tí wa lápá ìsàlẹ̀ ilé, àbúrò mi ní sọ́fúrù inú òórùn burúkú yẹn máa ń so mọ́ fàdákà, á sọ ọ́ di dúdú bí òrùka fàdákà màmá àgbà ṣe ń dúdú, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ yòrò mọ́.

Ti ìyá mi, mo ti rà á, ọwọ́ ẹlòmíì ni ṣá. Àbúrò mi ló gbé e dé Ṣábẹ, ó jókòó, ó ṣàlàyé ojú òkúta sísán fún màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n wo inú bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi èékánná kan ìkòkò náà gbọ́ ohùn ẹ̀. Wọ́n ní «Ọkọ mi, àmù rèé o. Wọ́n kàn gbé àmù sínú ike ni.» Wọ́n ti ń mu ún látìgbà náà, omi tí wọ́n bá fi fọ̀ ọ́, wọ́n ń rù ú lọ sí ìdí máńgòrò tó wà lódìkejì títì, àárọ̀ kùtùkùtù ni, kí oòrùn tó yọ.